Síláìdì Columbia: òótọ́ tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn

Aago méje àárọ̀ ni, ní ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003. Àwọn ẹnjiníà tí wọ́n ní kí wọ́n wo ọ̀ràn Columbia, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú, gbé èsì iṣẹ́ wọn wá síwájú ọ̀gá tó ń darí yàrá àyẹ̀wò ìrìnàjò náà ní NASA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbalasa òfurufú. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan ń dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèyàn méje ló wà lókè nígbà náà, wọ́n ti lo bí ọjọ́ mẹ́jọ níbẹ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ sì ti mọ̀ pé nǹkan kan lu ọkọ̀ wọn.

Mo mú ọ̀ràn yìí nítorí pé ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó fẹ́ ṣe síláìdì, ìyẹn ojú ìwé tí a ń gbé sójú skríìnì nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo: bí ẹ kò bá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa tẹ fóònù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fi àwòrán sí i, ẹ fi àwọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà máa rọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbà láti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀, kí la tún fẹ́ fi àwọ̀ fà mọ́ra lára rẹ̀? Etí ti wà nílẹ̀, ojú náà ti wà nílẹ̀. Síláìdì gba ojú yẹn tán, ó wá gbé e lọ síbi tí kò yẹ. Òótọ́ tó yẹ kó dá ìpàdé náà dúró wà níwájú wọn, ní ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá.

Ọjọ́ 16 oṣù náà ni Columbia gbéra ní Kennedy Space Center ní ìpínlẹ̀ Florida. Ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 82 lẹ́yìn tó gbéra, ègé fóòmù kan, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi bo ara táǹkì epo ńlá tó wà níta ọkọ̀ náà, já, ó sì lu apá òsì rẹ̀, ìyẹn ìyẹ́ rẹ̀ tó wà lósì. Ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń wo fídíò ìgbéra, ni wọ́n rí i. Fídíò náà kò mọ́ tó láti fi mọ ojú ibi tó bà gan-an. Wọ́n kó àwọn ẹnjiníà jọ láti NASA àti láti ilé iṣẹ́ Boeing àti United Space Alliance, pé kí wọ́n sọ bí ìbàjẹ́ náà ṣe lè pọ̀ tó. Àwọn ẹnjiníà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn ya àwòrán apá náà nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè. Wọn kò rí àwòrán náà gbà. Ìṣirò nìkan ló kù tí wọ́n lè fọwọ́ lé.

Ìlànà ìṣirò tí wọ́n lò ń jẹ́ Crater. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bí nǹkan tó bá lu táìlì ara ọkọ̀ ṣe máa wọnú rẹ̀ jìn tó. Táìlì yìí ló ń gba iná mọ́ra nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé. Láti inú ìdánwò ni Crater ti jáde, àwọn ègé fóòmù tí wọ́n sì fi ṣe ìdánwò náà kéré, bíi íǹṣì kúbíkì 3. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Ó tó kí a wo síláìdì náà fúnra rẹ̀ wàyí. Ọ̀kan ni nínú ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun sì ni ayé wá mọ̀ jù lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Àkọlé rẹ̀, tí a bá fi Yorùbá sọ ọ́, ni pé àyẹ̀wò èsì ìdánwò fi hàn pé ìṣirò lórí bí nǹkan ṣe ń wọ táìlì ti fi ìṣọ́ra kún un. Ẹni tó bá ka èyí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó máa gbọ́ ni pé a ti ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ, kò séwu. Bẹ́ẹ̀, ìṣọ́ra tí àkọlé ń wí jẹ́ ti ìlànà ìṣirò tí wọ́n yàn. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ìbàjẹ́ apá ọkọ̀ náà ṣe rí.

Lábẹ́ àkọlé, gbólóhùn 11 ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi àmì kókó to wọ́n sábẹ́ ara wọn, kókó nínú kókó, títí tí ìpele fi di mẹ́fà tí a bá ka àkọlé mọ́ ọn. Kókó àkọ́kọ́ ní àwọn ti yẹ èsì ìdánwò àtijọ́ wò. Èyí tó tẹ̀ lé e ní Crater máa ń sọ ìbàjẹ́ tó ju èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ fíìfíì. Ìfọ̀kànbalẹ̀ mìíràn tún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọnú: pé bí nǹkan ṣe ń wọ táìlì wà lọ́wọ́ bó ṣe ń sáré tó àti bó ṣe tóbi tó, pé fóòmù rọ̀, ojú táìlì le, nítorí náà agbára ńlá ni fóòmù nílò kó tó lè wọ̀ ọ́. Lábẹ́ èyí ni gbólóhùn kan wà tó ní ìdánwò fi hàn pé "ó" ṣeé ṣe, bí ohun tó ń bọ̀ bá wúwo tó tó sì yára tó. Kí ló ṣeé ṣe? Kí táìlì bàjẹ́ ni. Ẹni tó bá ń sáré kàwé kò ní mọ ohun tí "ó" yẹn dúró fún, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkìlọ̀ gidi àkọ́kọ́ lórí síláìdì náà nìyẹn. Wọ́n wá fi kún un pé tí fóòmù bá ti lè wọ táìlì, ìbàjẹ́ tó máa ṣe kì í ṣe kékeré.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yìí jìnnà gan-an sí ohun tí ìdánwò kárí. Lábẹ́ ìyẹn, ní ìlà tó kẹ́yìn: títóbi fóòmù náà jẹ́ íǹṣì kúbíkì 1920, ti ìdánwò jẹ́ 3.

Ẹ pín 1920 sí 3. Ìlọ́po 640 ni. Síláìdì kò ṣe ìṣirò yẹn fún ẹnikẹ́ni, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú orí. Ohun tí ìlà tó kẹ́yìn ń sọ ni pé gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀, nítorí pé Crater kò tíì rí irú ègé fóòmù yìí rí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Àwọn àléébù kéékèèké tún wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ pẹ́ lórí wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí "gan-an" tàbí "púpọ̀" fara hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí síláìdì kan ṣoṣo, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń yí láti ìlà dé ìlà: níbì kan ó jẹ́ ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ kàn lè rí, níbòmíràn ó jẹ́ ìbàjẹ́ tó lè pa gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ní ibi tó kẹ́yìn ó jẹ́ ìlọ́po 640. Wọ́n sì kọ "íǹṣì kúbíkì" ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àmì àti ààyè àárín lẹ́tà kò bára mu.

Aago mẹ́jọ ọjọ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ tó ń darí ìrìnàjò náà jókòó. Ọ̀gá tó gba àlàyé ní aago méje ló fẹnu sọ ọ́ fún wọn ní ṣókí. Kí lẹ rò pé ó máa kù nínú orí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wákàtí kan tẹ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀? Ohun tó wà lókè ni, ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò lè wu ẹ̀mí àti ọkọ̀ léwu, wọ́n bọ́ sórí nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmọ̀ Texas bó ṣe ń padà bọ̀. Àwọn méjèèje ló kú: Rick Husband, William McCool, Michael Anderson, David Brown, Kalpana Chawla, Laurel Clark àti Ilan Ramon. Ní oṣù Keje ọdún náà, wọ́n yin fóòmù tó tó irú èyí tó já lu etí iwájú apá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ibùdó ìdánwò kan ní San Antonio. Ihò tó bẹ́ sílẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 16. Kábọ́ọ̀nù líle ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, kì í ṣe táìlì, bẹ́ẹ̀ táìlì ni àlàyé ọjọ́ 24 dá lé lórí jù.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Ọ̀gágun Harold Gehman darí gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ 2003. Èmi kò ní sọ pé síláìdì ló pa àwọn èèyàn yìí, ìgbìmọ̀ náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóòmù fúnra rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí bí NASA ṣe mú jíjábọ́ fóòmù lásán nítorí pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí àwòrán tí wọn kò yà. Wọ́n tún ní kí NASA ṣírò bóyá ìgbàlà ì bá ti ṣeé ṣe ká ní wọ́n tètè mọ̀. Èsì rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ kún fún ewu, kí wọ́n yára ran ọkọ̀ Atlantis lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìjábọ̀ ńlá yẹn, wọ́n ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún síláìdì. Edward Tufte, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Yale tó mọ̀ nípa bí a ṣe ń gbé ìmọ̀ kalẹ̀ fún ojú, ló tú síláìdì náà palẹ̀ fún wọn, púpọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ìgbìmọ̀ ní ó rọrùn láti rí bí ọ̀gá àgbà kan ṣe lè ka síláìdì yìí kó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí nìyí: ká ní wọ́n fa síláìdì yẹn lé mi lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ 23, pé kí n tún un ṣe, kí ni mo máa ṣe sí i? N kò ní fi àwòrán ọkọ̀ tó ń tú èéfín sí i, n kò sì ní pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ pé mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Àwòrán ọkọ̀ á gba ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n á tún ti ìlà tó kẹ́yìn lọ sísàlẹ̀ sí i ni.

Àkọlé ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Tufte ní èyí tó yẹ ni pé àyẹ̀wò ìdánwò fi hàn pé ìlànà ìṣirò méjì tí wọ́n lò, tí Crater jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò bá ọ̀ràn yìí mu. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìṣirò ló ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, apá ọkọ̀ sì ni ẹni tó jókòó síwájú fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Èmi á kọ ọ́ báyìí: "Fóòmù tó lu apá òsì tóbi ní ìlọ́po 640 ju èyí tí a fi dánwò, a kò lè sọ pé ọkọ̀ yìí á padà láyọ̀ àfi tí a bá rí àwòrán." Ó gùn, ó máa gba ìlà méjì. Kò burú. Àkọlé tó jẹ́ odindi gbólóhùn, tó sọ ohun tí a rí àti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe, sàn ju àkọlé kúkúrú tó kàn dárúkọ kókó ọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá sì gbé ìlà kan ṣoṣo kúrò nínú yàrá lọ bá ìgbìmọ̀ aago mẹ́jọ, ìlà yẹn ni ó máa gbé.

Àwòrán ló kàn. Nọ́ńbà 640 nìkan kì í ta èèyàn lára. Ojú ní láti rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ya ọ̀pá méjì, ọ̀kan gíga, ọ̀kan kúkúrú. Ẹ wò ó: lórí skríìnì tó ga ní píksẹ́lì 1080, bí ọ̀pá gíga bá gba gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ọ̀pá kékeré kò ní tó píksẹ́lì 2. Ẹni tó wà lẹ́yìn yàrá kò ní mọ̀ pé ọ̀pá méjì ló wà. Ẹ lè ya onígun mẹ́rin pẹrẹsẹ méjì, kí ojú ààyè wọn fi ìlọ́po 640 jura lọ. Ẹ̀gbẹ́ èyí tó tóbi á jẹ́ ìlọ́po 25 ti kékeré. Ìyẹn ṣeé rí, ṣùgbọ́n ohun pẹlẹbẹ kọ́ ló já lára táǹkì. Kúúbù ni èmi máa yà. Bí títóbi kúúbù méjì bá fi ìlọ́po 640 jura lọ, ẹ̀gbẹ́ wọn á fi nǹkan bí 8.6 jura lọ. Bí kúúbù ńlá bá gba sẹ̀ǹtímítà 60 lára ògiri, ti kékeré á gba 7. Méjèèjì hàn láti ẹ̀yìn yàrá, wọ́n sì jọ ohun tí wọ́n dúró fún. Màá kọ "ìdánwò: 3" sábẹ́ kékeré, màá kọ "Columbia: 1920" sábẹ́ ńlá, ìwọ̀n kan náà, ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà. Kékeré á jẹ́ àwọ̀ eérú, ńlá á jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ta yọ. N kò ní lo pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ láti fi ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn tí ojú wọn kì í mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kò ṣọ̀wọ́n, pàápàá láàárín ọkùnrin.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, màá tiẹ̀ gé fóòmù gidi méjì wá. Íǹṣì kúbíkì 3 jẹ́ kúúbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 4, ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Íǹṣì kúbíkì 1920 jẹ́ kúúbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà 32, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e. Màá gbé méjèèjì sórí tábìlì níwájú ọ̀gá, màá sì pa skríìnì. Nínú PowerPoint, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe síláìdì, tí ẹ bá tẹ lẹ́tà B nígbà tí síláìdì ń lọ lọ́wọ́, ojú skríìnì á dúdú, gbogbo ojú á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yẹ kí a lò ó gan-an nìyẹn.

Àwọn gbólóhùn tó kù ńkọ́? N kò ní jù wọ́n nù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni wọ́n, wọ́n sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ yẹ ìṣirò wò. Orí ìwé ni ibi tí wọ́n yẹ, ìwé tí wọ́n á pín kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, tí gbólóhùn inú rẹ̀ á pé, tí "ó" á ní ohun tó ń tọ́ka sí. Ẹni tó ń ka gbólóhùn lójú skríìnì kò lè máa gbọ́ gbólóhùn mìíràn lẹ́nu olùsọ̀rọ̀ ní àkókò kan náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n ń dù nínú orí. Àwòrán àti ohùn kì í jà bẹ́ẹ̀. Richard Mayer ti Yunifásítì California ní Santa Barbara ti ṣe ìwádìí tó pọ̀ lórí èyí, ohun tó sì rí ni pé àwòrán pẹ̀lú ohùn máa ń yé èèyàn ju àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ kan náà tí a tún kọ sílẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí ẹnjiníà kan lè fi dá mi lóhùn: 1920 yẹn, ìfojúdá ni. Bí a bá fi kúúbù ńlá dẹ́rù ba ìgbìmọ̀, tí nọ́ńbà wá yí ńkọ́? Ó bọ́gbọ́n mu, nọ́ńbà náà sì yí lóòótọ́. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá ní ìlọ́po 400 ni, kì í ṣe 640. Ẹ tún kúúbù náà yà: ẹ̀gbẹ́ ńlá á wá sílẹ̀ láti ìlọ́po 8.6 sí nǹkan bí 7.4. Ẹni tó wà lẹ́yìn yàrá kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀. Àwòrán tó bá òótọ́ mu kì í tètè wó nítorí àṣìṣe ìfojúdá, ó sì ṣeé ṣe láti kọ "ìfojúdá" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tó hàn. Ọ̀rọ̀ bíi "gan-an" tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀marùn-ún ni kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú, ìbáà jẹ́ 400, ìbáà jẹ́ 640.

Èmi kò sì gbà pé àìmọ̀ọ́kọ ló fà á tí wọ́n fi to síláìdì náà bẹ́ẹ̀. Ìrísí tí PowerPoint máa ń gbé síwájú ẹni tó bá ṣí i ni àkọlé lókè, àmì kókó lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àkókò ká mọ́ á kọ èsì rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ wá sí i lọ́kàn: ohun tí a yẹ̀ wò, ọ̀nà tí a gbà, ohun tí a rí, ohun tí a ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, iyèméjì sì máa ń gbẹ̀yìn nínú irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu nílò kí iyèméjì ṣáájú. Yíyí ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà padà kò gba ọgbọ́n ọ̀nà àwòrán rárá. Ó gba kí ẹnì kan béèrè ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé pé, nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, èwo ni kò ní jẹ́ kí n sùn?

Kí ọkọ̀ Discovery tó gbéra ní oṣù Keje 2005, tó jẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn Columbia, wọ́n ti yọ irú fóòmù tó já yẹn kúrò níbi tó wà lára táǹkì, wọ́n fi ohun èlò amúgbóná rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti ṣọ́ ìpadàbọ̀ NASA sí òfurufú kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé dípò ìjábọ̀ ẹnjiníà tó ṣe ṣókí, ìpinnu àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é ṣì sábà máa ń wà nínú síláìdì PowerPoint tàbí ímeèlì nìkan.